Ọwọ́ Tó Da Omi Sínú Epo

Ilé Búrẹ́dì Àlàbá,
Ẹ̀yìn Ibùdó Rélùwéè,
Agége.
Ọjọ́ kẹfà oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà, 1958.

Níyì ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo sì kí ọ kú òtútù. A gbọ́ pé ó ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ yín ní Bìmíńgáàmù. Ṣé o ti rí ẹ̀wù tó nípọn? Ara àwa náà le. Màmá rẹ wà, Láídé àbúrò rẹ wà, ààrò búrẹ́dì náà wà, kò tíì wó.

Ìròyìn tí mo ní ni pé mo ti di alálùpùpù. Òyìnbó kan tó ń ṣiṣẹ́ ní pápákọ̀ òfuurufú Ìkẹjà ń padà sílé, ó sì ta èyí tó ń gùn fún mi. Ó ní òun gùn ún fún ọdún mẹ́rin, kò dá òun dúró lójú ọ̀nà rí. Ẹ̀rín ló fi sọ ọ́. Káfíńtà ti kan àpótí sẹ́yìn rẹ̀, búrẹ́dì tí mo ń fi kẹ̀kẹ́ gbé lẹ́ẹ̀mẹta ló ń gbà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ìdí tí mo fi rà á nìyí. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe férémù fèrèsé ní Ìkẹjà ti gbà kí a máa kó búrẹ́dì wá fún kàntíìnì wọn láràárọ̀. Àdéhùn wa ni pé búrẹ́dì gbọ́dọ̀ débẹ̀ kí fèrè tíì àárọ̀ tó dún. Bí fèrè bá dún tí kò sí búrẹ́dì, àwọn òṣìṣẹ́ a máa wo ọ̀gá kàntíìnì, ọ̀gá kàntíìnì a sì máa wo èmi. Iṣẹ́ yìí ló ń gbé ilé wa dúró báyìí, ìwọ náà mọ̀ pé ọjà ẹnu ọ̀nà nìkan kò tó wa. Dàwódù tó ń ṣe búrẹ́dì ní Orílé ti ra ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan, ó sì ń gba iwájú ilé-iṣẹ́ náà kọjá lójoojúmọ́ láìní ohun tó ń wá níbẹ̀.

Wàyí o, alùpùpù náà ń kú. Bí mo bá fi ẹsẹ̀ ta á nílé, á dáhùn. Bí mo bá dé ibi tí ojú irin ti gé títì kọjá, á bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, á sín bíi lẹ́ẹ̀mejì, á sì dákẹ́. Màá wá máa tì í, búrẹ́dì á máa tutù lẹ́yìn mi. Shuaib mẹkáníìkì tú kábúrétọ̀ rẹ̀, ó fi ẹnu fẹ́ ẹ, ó dè é padà. Ó ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ díẹ̀, ó tún kú. Shuaib ní àárò òyìnbó ló ń sọ ọ́.

Mo wá ní kí n bi ìwọ tó wà lọ́dọ̀ àwọn tó ṣe é. Mo ti sọ fún gbogbo ìjọ pé wàá fún wa ní ìdáhùn.

Màmá rẹ ní kí n béèrè bóyá omi àdúrà inú ìgò tó fún ọ ti tán.

Èmi ni bàbá rẹ,
J. A. Àlàbá.


Bìmíńgáàmù.
Ọjọ́ ogún oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà, 1958.

Bàbá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja láti ìhín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé yàrá mi kò gùn tó bẹ́ẹ̀. Ẹ kú ìnáwó alùpùpù. Ẹ̀mí yín á lò ó.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dín ohun tí ẹ sọ fún ìjọ kù. Láti ìgbà tí mo ti wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí, wọn kò tíì jẹ́ kí n fọwọ́ kan ẹ̀rọ kankan. Yíyà là ń yà wọ́n sórí pépà. Olùkọ́ wa ní ẹni tí kò bá tíì lè ya nǹkan kò tíì lẹ́tọ̀ọ́ láti bà á jẹ́.

Síbẹ̀, mo ka ìwé, mo sì bi ọ̀kan nínú àwọn tí a jọ ń kẹ́kọ̀ọ́, tó ní alùpùpù. Ẹ̀rọ tó bá dáhùn dáadáa tó wá ń wúkọ́ lójú ọ̀nà, oúnjẹ rẹ̀ ni kò dára. Kábúrétọ̀ ni ilé ìdáná alùpùpù. Ibẹ̀ ni epo àti atẹ́gùn ti ń pò pọ̀ kí iná tó jó wọn. Abọ́ kékeré kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tí epo máa ń dúró sí, ihò tín-ín-rín kan sì ń fa epo láti inú abọ́ náà. Kí Shuaib tú abọ́ yẹn, kó da ohun tó wà nínú rẹ̀ sínú ife onígíláàsì, kí ẹ gbé e síbi tí oòrùn ti lè tàn sí i, kí ẹ sì wò ó dáadáa. Ẹ kọ ohun tí ẹ bá rí sí mi. Ẹ tún kọ àwọn ọjọ́ tó máa ń kú, bóyá ojoojúmọ́ ni tàbí ó ní ọjọ́ tó yàn.

Ìgò màmá wà lórí tábìlì mi, lẹ́bàá fèrèsé. Kò tíì tán.

Ọmọ yín,
Ọlọ́runníyì.


Agége.
Ọjọ́ karùn-ún oṣù Òkìtóbà, 1958.

Níyì ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ dé, mo sì kà á jáde ní pálọ̀ bí mo ṣe máa ń ṣe. Inú gbogbo ilé dùn. Mo sọ fún Shuaib pé orí pépà ni ìwọ ti mọ ẹ̀rọ. Ó ní ó dára bẹ́ẹ̀, òun fi apá ti pépà sílẹ̀ fún ọ.

A ṣe bí o ṣe wí. A da ohun inú abọ́ náà sínú ife, a gbé e sórí fèrèsé. Epo dúró lókè, nǹkan mìíràn tó mọ́ gaara dúró nísàlẹ̀. Shuaib ti ìka bọ̀ ọ́, ó tọ́ ọ wò, ó tutọ́, ó ní, "Wàláì, omi ni."

Ní ti ọjọ́, Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀ ni. Bó bá fi máa di ọjọ́ kejì tí Shuaib bá ti tú u, á ti sàn.

Ojú mi wá là. Ọ̀dọ̀ Làsísì ni mo ti ń ra epo, ẹni tó ń tà á nínú agbá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdó rélùwéè. Mo lọ bá a níbẹ̀ lójú gbogbo èèyàn.

Mo ní, "Làsísì, ṣé epo lo ń tà fún mi ni, àbí omi?"

Ó ní, "Bàbá Níyì, ẹ káàárọ̀ ná."

Mo ní mi ò wá kí ẹnikẹ́ni.

Ó ní, "Lọ́rì tó ń kó màlúù lọ sí Ọ̀yìngbò, ọ̀dọ̀ mi ló ti ń ra epo, kò kú. Ọkọ̀ àwọn alágbàṣe, ọ̀dọ̀ mi ni, kò kú. Ṣé alùpùpù tiyín nìkan ni òùngbẹ ń gbẹ ni?"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, ìyẹn sì bí mi nínú. Ó ní kí wọ́n gbé Kùránì wá, ó búra. Mo ní ẹni tó lè ta omi ní iye epo, kí ni kò lè fi búra. Láti ọjọ́ náà, èrò kò pọ̀ nídìí agbá rẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Màmá rẹ gba ọ̀rọ̀ náà sára ju èmi lọ. Ó gbààwẹ̀. Lẹ́yìn ààwẹ̀, ó dìde láàárín ìjọ, ó ní ọwọ́ tó ń da omi sínú epo ọkọ òun, kí ọwọ́ náà rọ, kó má lè po nǹkan, kó má lè gbé nǹkan. Ìjọ ṣe àmín lẹ́ẹ̀meje. Wòlíì fúnra wọn sọ pé àdúrà náà le.

Fèrè ti dún mọ́ mi lójú ọ̀nà bí ìgbà mélòó kan. Ọ̀gá kàntíìnì kò bú mi. Ó kàn ní tí ilé-iṣẹ́ bá ti wọlé lẹ́yìn ọdún tuntun, òun á yan ẹnì kan ṣoṣo tí yóò máa kó búrẹ́dì wá. Bó ṣe ń sọ ọ́ ni Dàwódù ń fọn fèrè ọkọ̀ rẹ̀ lójú títì.

Èmi ni bàbá rẹ,
J. A. Àlàbá.


Bìmíńgáàmù.
Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Òkìtóbà, 1958.

Bàbá mi,

Mo kí yín, mo kí màmá kú ààwẹ̀, mo kí Láídé kú iṣẹ́ ààrò.

Inú mi kò dùn sí ọ̀rọ̀ Bàbá Làsísì. Mo kọ ohun tí mo kọ nípa abọ́ kábúrétọ̀, mi ò kọ orúkọ ẹnikẹ́ni mọ́ ọn. Ìbéèrè tí wọ́n bi yín nípa lọ́rì dára, ẹ ò sì dá wọn lóhùn. Ẹni tó bá ń da omi sínú agbá epo kò lè mọ Ọjọ́ Ajé yàtọ̀ sí Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Omi tó bá wà nínú agbá, gbogbo ọkọ̀ ló máa kú nítorí rẹ̀, ojoojúmọ́ sì ni.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ra epo níbòmíràn fún ìwọ̀n ọ̀sẹ̀ kan. Bí alùpùpù bá ṣì ń kú, ọ̀ràn náà kò sí lọ́dọ̀ wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ̀wé sí mi nípa ibi tó ń sùn. Ṣé òjò lè dé ibẹ̀? Ṣé ọmọrí táǹkì epo rẹ̀ ń dé dáadáa? Ta ló ń fọwọ́ kàn án? Ẹ wá sọ bí Ọjọ́ Ìsinmi àti Ọjọ́rú yín ṣe máa ń lọ, láti àárọ̀ títí ẹ fi máa sùn. Ohun tí kò jọ nǹkan kan lójú yín, ẹ kọ ọ́ mọ́ ọn.

Mo mọ̀ pé lẹ́tà yìí jọ ti ọlọ́pàá. Ẹ má bínú.

Ọmọ yín,
Ọlọ́runníyì.


Agége.
Ọjọ́ kejì oṣù Nòfẹ́ńbà, 1958.

Níyì ọmọ mi,

Lóòótọ́ ni lẹ́tà rẹ jọ ti ọlọ́pàá. Láídé tilẹ̀ bi mí bóyá kí òun wẹ̀ kí òun tó gbọ́ ọ.

Mo ra epo ní Ìkẹjà fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Ní Ọjọ́ Ajé, ó kú. Èrò mi ni pé Làsísì ní ìbátan ní Ìkẹjà.

Alùpùpù ń sùn nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, a fi búláńkẹ́ẹ̀tì rẹ àtijọ́ bò ó. Òjò kò mọ ibẹ̀. Ọmọrí táǹkì rẹ̀ ń dé dáadáa, Shuaib fi ọ̀rá sí i. Ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kàn án. Ní Ọjọ́ Ìsinmi, a ń lọ sí ìsìn, a ń dé, a ń jẹun, a ń sùn. Kí a tó sùn lálẹ́, a máa ń gbàdúrà. Ní Ọjọ́rú, bẹ́ẹ̀ náà ni, àfi pé ìrọ̀lẹ́ ni ìsìn. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ ju ìyẹn lọ.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, mo ti alùpùpù láti ojú irin títí dé ilé-iṣẹ́. Nígbà tí mo débẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ti mu tíì wọn lásán. Wọ́n kò sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ràn kí wọ́n sọ̀rọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Màmá rẹ kí ọ. Ó ní kí o má fòyà, òun kò fi alùpùpù náà sílẹ̀ lásán. Gbogbo ìgbà tí a bá ti ti ìsìn dé ló ń bu ìgbakọ omi àdúrà kan sí i lẹ́nu, nítorí aláìsàn kì í fi omi àdúrà ra ara nìkan, mímu ni wọ́n ń mu ún. Láti ìgbà tí Làsísì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ibi rẹ̀, ìgbakọ méjì ló ń bù. Ó tún ní kí o dáhùn lórí ìgò rẹ. Kí ló dé tí kò tíì tán láti ọdún tó kọjá?

Èmi ni bàbá rẹ,
J. A. Àlàbá.


Bìmíńgáàmù.
Ọjọ́ kẹwàá oṣù Nòfẹ́ńbà, 1958.

Bàbá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀. Ara mi le, òtútù ti dé, mo sì ti ra ẹ̀wù. Ẹ kí màmá púpọ̀ fún mi. Ẹ kí Láídé, ẹ kí Shuaib. Ìdánwò wa yóò bẹ̀rẹ̀ kí ọdún tó parí.

Ẹ jọ̀wọ́, ojú ìwé kejì lẹ́tà yìí, ẹ̀yin nìkan ni kí ẹ kà á. Ẹ má kà á jáde.

Bàbá, ẹnu tí màmá ń bu omi sí, ibẹ̀ náà ni ẹ̀ ń bu epo sí. Omi wúwo ju epo lọ, ìsàlẹ̀ táǹkì ló ń lọ, láti ibẹ̀ ló ń sàn wọ abọ́ kábúrétọ̀. Epo tó kù nínú rẹ̀ ló ń gbé yín kúrò nílé. Tí ẹ bá fi máa dé ojú irin, omi ló kàn. Omi Ọjọ́ Ìsinmi ló ń pa á ní Ọjọ́ Ajé. Ti Ọjọ́rú ló ń pa á ní Ọjọ́bọ̀. Bó ṣe ń kú ni màmá ń fi kún omi, bí wọ́n ṣe ń fi kún un ló ń kú.

Mi ò sọ pé àdúrà kò dára. Ohun tí mò ń sọ ni pé alùpùpù kò mọ èyí tí wọ́n gbàdúrà sí yàtọ̀ sí ti kànga.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ da gbogbo epo inú táǹkì nù, kí Shuaib nu inú rẹ̀ gbẹ, kó sì fọ kábúrétọ̀. Kí ẹ wá wá ọ̀nà pẹ̀lẹ́ tí ẹ lè gbà dá omi náà dúró tí kò ní dun màmá. Ẹ lè ní àpótí búrẹ́dì ni kí wọ́n máa gbàdúrà sí. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ wọ́n jù.

Ní ti Bàbá Làsísì àti ti ọwọ́ tí wọ́n gbàdúrà lé lórí, mi ò mọ ohun tí mo lè kọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, mo pa á rẹ́.

Ọmọ yín,
Ọlọ́runníyì.


Bìmíńgáàmù.
Ọjọ́ kẹfà oṣù Dìsẹ́ńbà, 1958.

Bàbá mi,

Mo kí yín. Mo kọ̀wé lóṣù tó kọjá, mi ò rí èsì. Ẹ kì í pẹ́ tó báyìí. Ojoojúmọ́ ni mo ń wo ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ń ju lẹ́tà sí, títí ìyá onílé mi fi bi mí bóyá ọ̀rọ̀ ọmọge ni. Mo ní rárá, kábúrétọ̀ ni. Wọn ò gbà mí gbọ́.

Bí ìbínú bá wà nílé, ẹ kọ ìbínú náà sínú lẹ́tà, kí n lè mọ bó ṣe tóbi tó.

Ọmọ yín,
Ọlọ́runníyì.


Agége.
Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Dìsẹ́ńbà, 1958.

Níyì,

A kí ọ.

Bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Lẹ́tà rẹ dé nírọ̀lẹ́. Màmá rẹ jókòó, Láídé jókòó, Shuaib náà wá nítorí ó fẹ́ gbọ́ ti kábúrétọ̀. Mo ń kà á lọ bí mo ṣe máa ń kà á. Mo kà á dé ibi tí o ti ní "ẹ má kà á jáde." Ìyẹn náà, mo kà á jáde. Nígbà tí mo fi máa mọ ohun tí ẹnu mi sọ, gbogbo wọn ti ń wò mí. Màmá rẹ ní, "Ẹ máa kà á lọ." Kí ni ǹ bá ṣe? Mo kà á tán.

Shuaib dìde, ó ní òun ń lọ kírun. Kì í ṣe àsìkò ìrun.

A da epo náà nù, Shuaib nu táǹkì, ó fọ kábúrétọ̀. Alùpùpù kò kú mọ́. Ọjọ́ Ajé kò kú, Ọjọ́bọ̀ kò kú. Ó ń yá débi pé mo máa ń dé kàntíìnì kí ẹni tó ni kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀ tó dé. Ìṣòro tó wà ni pé mi ò rí nǹkan gidi gbé lọ.

Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, màmá rẹ kò fi ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kan ìyẹ̀fun mọ́. Ó gbé e lé itan rẹ̀, ó ń wò ó. Ọwọ́ òsì ló fi ń jẹun, o sì mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ nínú ilé wa. Mo ní ọwọ́ náà kò rọ. Ó ní kò tíì rọ ni, òun kò ní fi dán Ọlọ́run wò. Láídé ló ń po búrẹ́dì. Láídé ń gbìyànjú. Tí o bá fi ìka kan búrẹ́dì rẹ̀, á dún bí ìgbà tí àlejò ń kan ilẹ̀kùn. Òṣìṣẹ́ kan ní férémù làwọn ń ṣe níbi iṣẹ́, òun ò mọ̀ pé àwọn á tún máa jẹ ẹ́. Dàwódù kì í kọjá mọ́, dídúró ló ń dúró báyìí.

Màmá rẹ ní kí n kọ èyí bí òun ṣe sọ ọ́: "Níyì, omi tí mo bù sí ọ lórí ní Àpápá kí o tó wọ ọkọ̀ ojú omi, omi yẹn kan náà ni. Ṣé ìwọ náà dákú lójú ọ̀nà? Ọmọ tí mo bí ló wá jókòó sí ìlú òyìnbó, tó kọ̀wé pé èmi ni ọ̀tá ilé mi, tó sì ní kí bàbá rẹ̀ kà á ní ìkọ̀kọ̀. Èmi tí kò mọ̀wé ni wọ́n ń fi ìwé sá fún."

Ohun tó sọ nìyẹn. Mi ò fi nǹkan kan kún un. Lẹ́yìn ọdún tuntun ni ọ̀gá kàntíìnì yóò yàn.

Bàbá rẹ.


Bìmíńgáàmù.
Ọjọ́ kejìlélógún oṣù Dìsẹ́ńbà, 1958.

Màmá mi,

Ẹ̀yin ni mo kọ èyí sí. Kí bàbá kà á jáde, kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbọ́ gbọ́ ọ. Mo dọ̀bálẹ̀, orí mi kan ẹsẹ̀ tábìlì.

Ẹ̀bi mi ni ojú ìwé kejì. Ẹ̀yin gan-an ló yẹ kí n kọ ọ́ sí.

Ẹ bi mí nípa ìgò. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Ìyá onílé mi, obìnrin òyìnbó àgbà kan, wọlé láti gbálẹ̀. Wọ́n rí ìgò náà, wọ́n rò pé omi inú rẹ̀ ti pẹ́, wọ́n dà á sínú ìkòkò òdòdó tó wà lójú fèrèsé mi. Òdòdó náà ti gbẹ láti ìgbà tí òtútù ti dé, wọ́n ti fẹ́ gbé e jù sí àkìtàn. Màmá, ó ti yọ ewé, ó sì ti tanná kan. Ìta funfun fún yìnyín. Mo wá inú gbogbo ìwé mi, mi ò rí ìdí rẹ̀ níbẹ̀. Ìyá onílé ní kí n béèrè lọ́wọ́ yín bóyá ó kù.

Nítorí náà, mi ò lè sọ pé omi yín kì í ṣiṣẹ́. Ó ń ṣiṣẹ́ lára ohun tó bá ń mu omi. Alùpùpù kì í mu ún.

Ní ti ọwọ́ yín, wọn ò kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń dá àdúrà padà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ohun tí mo mọ̀ kò ju ẹyọ kan lọ. Ẹ ò ṣẹ ọwọ́ yín. Bàbá Làsísì lẹ ṣẹ̀. Wọ́n ti fi Kùránì búra, òótọ́ ni wọ́n sì sọ, kò sẹ́ni tó ti lọ sọ fún wọn pé òótọ́ ni. Bóyá ọwọ́ yín ń dúró de ìyẹn.

Mo ti sọ̀rọ̀ ju bó ṣe yẹ ọmọ lọ. Ẹ bá mi wí nígbà tí ẹ bá ń kọ èsì.

Ọmọ yín,
Ọlọ́runníyì.


Agége.
Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Jánúárì, 1959.

Níyì ọmọ mi,

Èmi ni, màmá rẹ. Láídé ló ń bá mi kọ ọ́. Mo ní kó kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́, kó má fi gírámà kún un. O kú ọdún, o kú ìyèdún. Mo ti bá ọ wí nínú ọkàn mi, mo sì ti ṣíwọ́.

Lẹ́tà rẹ dé nígbà tí ọdún ku díẹ̀ kó parí. Mi ò sùn dáadáa. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo lọ sí ìdí agbá Làsísì. Mi ò mú bàbá rẹ lọ, ó ti sọ̀rọ̀ tirẹ̀ níbẹ̀. Mo kúnlẹ̀.

Ó ní, "Ìyá Níyì, ẹ dìde. Epo ló kún ilẹ̀ ibí, aṣọ yín á bàjẹ́."

Mo ní mi ò ní dìde. Mo ní, "Èmi ni mo da omi sí i. Ìwọ kọ́. Èmi ni mo sì gbàdúrà pé kí ọwọ́ rẹ rọ."

Ó ní, "Ẹ ṣẹ̀ mí o. Láti oṣù Òkìtóbà, bí mo bá ti jí, ọwọ́ mi ni mo kọ́kọ́ ń wò. Èmi tí mi ò da nǹkan kan."

Mo ní, "Èmi náà ń wo tèmi."

Ó wo ọwọ́ mi, ó wo tirẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, kò lè dá a dúró. Àwọn onílọ́rì yí wa ká, wọ́n ń bi wá kí ló dé. Mo tún un sọ fún wọn sókè pé epo Làsísì mọ́, omi ọwọ́ mi ló wà nínú alùpùpù ọkọ mi. Ó ní kí wọ́n fún mi ní ìjókòó, ó bu omi fún mi nínú ife. Omi lásán ni, kò sẹ́ni tó gbàdúrà sí i. Mo mu ún tán. Ó ní ohun kan ló kù: kí bàbá rẹ wá kí òun káàárọ̀ tó jẹ òun. Bàbá rẹ lọ. Ó kí i, ó tún kí i káàsán mọ́ ọn.

Ní ìsìn àìsùn ọdún tuntun, mo dìde níbi tí mo dúró sí nígbà ìṣáájú, mo sì dá ọ̀rọ̀ mi padà. Ìjọ ṣe àmín. Kò ròkè tó ti ìjọ́sí.

Ọjọ́ Ajé ni ilé-iṣẹ́ wọlé, ọjọ́ tí alùpùpù máa ń kú. Mo fi ọwọ́ ọ̀tún mi po ìyẹ̀fun. Ó wúwo, àmọ́ ó gbọ́ tèmi. Bàbá rẹ gbé e, mo dúró lójú ọ̀nà, mo ń fetí sí i títí ó fi kọjá ojú irin. Kò wúkọ́. Ó ní nígbà tí òun débẹ̀, ọkọ̀ Dàwódù ti wà lẹ́nu géètì. Ọ̀gá kàntíìnì bù nínú búrẹ́dì Dàwódù, ó jẹ ẹ́. Ó bù nínú tiwa, ó jẹ ẹ́, ó sì fi èyí tó kù sínú àpò rẹ̀. Àwa ló ń kó o lọ báyìí. Dàwódù ti padà sí kíkọjá.

Mo jẹ́rìí òdòdó náà nínú ìjọ. Ti òdòdó yìí, àmín rẹ̀ ròkè. Ẹnì kan ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ yín lóṣù tó ń bọ̀, mo ti fi ìgò méjì rán an. Ọ̀kan ni ti ìyá onílé rẹ. Èkejì, mímu ni o, má gbé e sójú fèrèsé.

Ní ti alùpùpù, mi ò bu nǹkan kan sí i mọ́. Láràárọ̀ tí bàbá rẹ bá ti jókòó lé e tán, orí bàbá rẹ ni mo ń bu omi àdúrà náà sí. Ó ń ráhùn pé fìlà òun ń tutù, pé atẹ́gùn ìdájí kì í ṣe kékeré lọ́nà Ìkẹjà. Mo ní kó fara dà á. Ọmọ rẹ̀ ló kọ̀wé, kò sì sọ pé kábúrétọ̀ wà níbẹ̀.

Èmi ni màmá rẹ,
Rachael Àlàbá.